OÚNJẸ Ọ̀SÁN À-RÀ-GBÉ-LỌ NÍ ILẸ̀ JÀPÁÀNÌ
Kí ni Mùsùlùmí yóò wò kí ó tó fi í sẹ́nu?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a mú tọ̀ yín wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe oúnjẹ ilé wa, oúnjẹ ilẹ̀ Jàpáànì ni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oúnjẹ tí àwọn ọlọ́lá ń jókòó jẹ nídìí tábìlì, bí kò ṣe èyí tí òṣìṣẹ́, ọmọ ilé ìwé àti awakọ̀ ń sáré yà rà ní ọ̀sán, tí wọ́n sì ń gbé lọ.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilẹ̀ náà láti kàwé àti láti ṣiṣẹ́, àwọn òbí wọn a sì máa wá bá wa ní mọ́sálásí pé: "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ọmọ wa yóò máa jẹ níbẹ̀ tí kò ní ba ẹ̀sìn rẹ̀ jẹ́?" Ìbéèrè ńlá ni. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ tí ebi ń pa kò ní etí tí yóò fi gbọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ rẹ̀. Èyí tí ó sì jẹ ohun tí kò mọ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ nígbà tí ó bá kọjú sí kíbúlà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, kí a má ṣe fi ìbẹ̀rù pa ọmọ lébi, kí a má sì ṣe fi àìbìkítà ba ẹ̀sìn jẹ́.

ÌRẸSÌ TÍ A FI ỌWỌ́ MỌ

Oúnjẹ tí a ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní onigiri. Àwọn mìíràn ń pè é ní omusubi. Ìrẹsì funfun ni, irú èyí tí hóró rẹ̀ kúrú tí ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá sè é tán, wọ́n á fi omi àti iyọ̀ pa ọwọ́, wọ́n á bu ìrẹsì gbígbóná sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi nǹkan díẹ̀ sí i láàárín, wọ́n á sì mọ ọ́n títí yóò fi di onígun mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi ewé inú òkun tí a ti sá gbẹ, tí wọ́n ń pè ní nori, wé e. Bí a ti ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ ni ilé wa ni àwọn náà ń fi ewé òkun wé ìrẹsì wọn, ṣùgbọ́n àwọn ń jẹ ewé tiwọn mọ́ ọn.

Ohun tí wọ́n ń fi sí àárín rẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi. Ti àtijọ́ ni umeboshi, èso kan tí wọ́n fi iyọ̀ pa tí wọ́n sì sá, tí ó kan tí ó sì níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò di ojú nígbà tí ó bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Iyọ̀ àti kíkan rẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ìrẹsì tètè bàjẹ́. Ti ẹja sámọ́nì yíyan wà, ti ẹja túnà tí a fi máyónéèsì pò wà, ti ẹyin ẹja tí a fi ata pa wà, ti ewé òkun tí a sè wà. Ti ẹran náà sì wà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa yóò padà dé.

Oúnjẹ yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1987, àwọn tí ń wú ilẹ̀ láti wá ohun àtijọ́ rí ìrẹsì kan ní agbègbè Ishikawa, tí iná ti sọ di èédú, tí ó sì dúró ní onígun mẹ́ta. Wọ́n kà á sí ohun tí ó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàn tí àwọn ará Jàpáànì fẹ́ràn láti máa sọ ni pé ní ọdún 1885, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Utsunomiya, oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún èrò ọkọ̀ níbẹ̀ ni onigiri méjì tí ó ní umeboshi nínú, tí wọ́n fi èèpo oparun wé. Láti ìgbà pípẹ́ ni onírìnàjò ti ń fi í ṣe èsè ọ̀nà.

Àwọn ilé oúnjẹ tí kò tà ju onigiri lọ sì wà. Ní Asakusa, ní ìlú Tokyo, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Yadoroku, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1954. Ní Otsuka, ní ìlú Tokyo kan náà, òmíràn wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1960, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bongo, orúkọ ìlù. Ohun tí ènìyàn lè yàn láti fi sí àárín ìrẹsì níbẹ̀ ju àádọ́ta lọ, àwọn oníbàárà a sì máa tò sí ẹ̀yìn òde kí ó tó kàn wọ́n. Àwọn mìíràn a jókòó jẹ tiwọn ní gbígbóná, àwọn mìíràn a gbà á a lọ.

BÍ OJÚ ONÍBÀÁRÀ ṢE Ń RÍ I

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ra onigiri lójoojúmọ́ ni ìsọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní konbini. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1974 ni ilé-iṣẹ́ 7-Eleven ṣí ìsọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sí Toyosu ní Tokyo. Nígbà tí a ń kọ ìwé yìí, irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, ti 7-Eleven, ti FamilyMart, ti Lawson àti ti àwọn mìíràn, ju 50,000 lọ káàkiri ilẹ̀ náà, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn kì í ti ilẹ̀kùn tọ̀sán tòru.

Bí oníbàárà bá ti wọlé ni òǹtajà yóò ké sí i pé "Irasshaimase," èyíinì ni pé, ẹ káàbọ̀. Kò dúró de ìdáhùn, nítorí náà kí àjèjì má ṣe tijú. Onigiri wà lórí pẹpẹ, wọ́n tò ó ní ẹsẹẹsẹ. Ibi tí wọ́n tò ó sí tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tutù bí ibi tí wọ́n ń kó wàrà sí, nítorí pé òtútù púpọ̀ máa ń mú ìrẹsì le. Oníbàárà yóò mú èyí tí ó fẹ́, yóò lọ sí ìdí owó, yóò sì tò lórí ìlà. Kò sẹ́ni tí ń já ìlà. Òǹtajà yóò bi í bóyá kí òun bá a mú oúnjẹ náà gbóná, bóyá ó fẹ́ ọ̀rá tí yóò fi gbé e. Láti oṣù keje ọdún 2020 ni òfin ti ní kí àwọn ìsọ̀ máa gba owó lórí ọ̀rá ìkẹ́rù, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú àpò tiwọn láti ilé. Oníbàárà kì í ki owó bọ òǹtajà lọ́wọ́. Àwo pẹlẹbẹ kan wà nílẹ̀ tí yóò kó o sí. Kò sí pé à ń dúnàádúrà, kò sì sí pé à ń fún òǹtajà ní owó ọ̀fẹ́ lé e. Iye tí wọ́n kọ ni iye tí wọ́n gbà, ṣẹ́ńjì á sì pé.

Ohun kan tí ó ya àwọn àjèjì lẹ́nu ni pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ìjọba ilẹ̀ náà pín owó orí ọjà sí ọ̀nà méjì: ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lórí oúnjẹ tí a rà gbé lọ, ìdá 10 lórí èyí tí a jókòó jẹ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di pé oníbàárà gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ bóyá òun yóò jẹ ẹ́ lórí àga tí ó wà nínú ìsọ̀ tàbí òun yóò gbé e lọ. Kò sí ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, nǹkan bí yẹ́nì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n fi ń dán òtítọ́ ènìyàn wò. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ má fojú kéré owó táṣẹ́rẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá purọ́ nítorí yẹ́nì mẹ́ta, Ọlọ́hun tí ó rí i ní Tokyo náà ni Ó ń rí wa ní Ìbàdàn.

Títú onigiri náà fúnra rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé e ní apá méjì, ewé òkun wà láàárín wọn, kí omi ara ìrẹsì má baà rọ̀ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1978 ni ọgbọ́n yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Wọ́n kọ òǹkà sí i lára: ní 1, ẹ ó fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àárín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní 2, ẹ ó fa igun ọ̀tún, ní 3, ẹ ó fa igun òsì. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e, ewé á lẹ̀ mọ́ ìrẹsì, á sì máa dún wọ̀kọ̀wọ̀kọ̀ lẹ́nu. Ẹni tí ó bá fi ipá ya á, ewé á bá ọ̀rá lọ, ìrẹsì á kù ní ìhòòhò. Kò sí àjèjì tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni ìdánwò mìíràn dé: níbo ni a ó da ọ̀rá sí? Garawa ìdalẹ̀sí ṣọ̀wọ́n ní ìgboro ilẹ̀ Jàpáànì. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1995, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ awo kan tú afẹ́fẹ́ olóró sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo, ènìyàn kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì fara gbá a. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ garawa kúrò níta, nítorí ìbẹ̀rù pé ẹnìkan lè fi ohun búburú pamọ́ sínú rẹ̀. Síbẹ̀ ojú títì mọ́. Oníkálukú ń fi ìdọ̀tí tirẹ̀ sápò lọ sílé. Àwa tí a mọ̀ pé ìmọ́tótó wà lára ìgbàgbọ́, ó yẹ kí ojú tì wá díẹ̀ tí a bá wo iwájú mọ́sálásí wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

OHUN TÍ Ó FARASIN NÍNÚ ÌRẸSÌ

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí bàtà ti ń ta lẹ́sẹ̀. Ìrẹsì ni, omi ni, iyọ̀ ni, ẹja ni; kí ni ó tún kù? Ohun tí ó kù ni èyí tí ojú kò rí. Nínú oúnjẹ ilẹ̀ Jàpáànì, wọ́n a máa fi ọtí ìrẹsì sè é kí ó lè dùn. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní mirin, ọtí dídùn tí a fi ń sè ọbẹ̀ ni. Omi ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ń pè ní shoyu, wọ́n lè da ọtí sí i kí ó má baà bàjẹ́. Ohun amóúnjẹdùn lè ní omi ara adìẹ tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Gẹ́látìnì lè ti ara awọ ẹlẹ́dẹ̀ wá. Búrẹ́dì tí ènìyàn rò pé kò léwu, wọ́n lè fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pò ó. Adìẹ tí ó wà nínú àwo oúnjẹ náà kì í sábà jẹ́ èyí tí a dú ní ìlànà ẹ̀sìn wa.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣebí wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀?" Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí wọ́n kọ ọ́ fún. Òfin ilẹ̀ náà lórí àmì oúnjẹ dá lórí àìlera ara: ó fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ ẹyin, wàrà, ọkà wíìtì, ẹ̀pà, edé, alákàn àti irú wọn bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tí ara wọn kò gba nǹkan wọ̀nyí lè kú. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ti màlúù, ti adìẹ àti gẹ́látìnì wà ní ọ̀wọ́ kejì, èyí tí ìjọba kàn gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn láti máa kọ. Òfin náà kò ronú nípa ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ọ̀tá wa. Kò kàn mọ̀ pé a wà níbẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí kò rí "ẹlẹ́dẹ̀" lára àmì, kí ó má ṣe tètè sọ pé kò sí i níbẹ̀.

Èdè náà tún ní ìdẹkùn kékeré kan. Sake ni wọ́n ń pe ọtí ìrẹsì. Sake kan náà ni wọ́n ń pe ẹja sámọ́nì. Ní Tokyo, ohùn ni ó yà wọ́n: ti ẹja, ohùn á lọ sókè kí ó tó wálẹ̀, ti ọtí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń sọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ní fi èyí ṣe ìṣòro. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ó yé ènìyàn dáadáa, shake ni wọ́n sábà máa ń pe ti ẹja. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, àmì méjèèjì yàtọ̀ síra pátápátá. Nítorí náà ọmọ tí ó gbọ́ pé onigiri "sake" ni, tí ó sì sá, ẹja ni ó sá fún.

Ọmọkùnrin kan láti ìjọ wa, tí ó lọ kàwé ní Tokyo, ròyìn fún wa bí ojú òun ti rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tí ó débẹ̀, ó fi àwòrán yan onigiri kan, ó rò pé ẹja ni. Ẹnu rẹ̀ ni ó sọ fún un pé ẹran ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ka àmì rẹ̀ sì sọ fún un pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó tu ú dànù, ó fọ ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí aṣọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ Indonéṣíà kan tí wọ́n jọ ń kírun sọ fún un pé búrẹ́dì náà gan-an ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ nínú ni ó jókòó tí ó sunkún.

Ọmọ Indonéṣíà náà ni ó kọ́ ọ ní àmì tí wọ́n fi ń kọ ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí, ó sì mú un lọ sí ìsọ̀ kékeré kan ní ẹ̀bá ibùdókọ̀, níbi tí ìyá àgbà kan ti ń mọ onigiri fúnra rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá náà èwo ni kò ní ẹran, tí kò sì ní ọtí. Ìyá náà lọ wo ìgò gbogbo ohun tí ó fi ń sè oúnjẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ó padà dé, ó mú onigiri ẹja tí ọmọ náà ti fọwọ́ kàn padà sórí pẹpẹ, ó ní, "Má ra èyí, ọtí wà nínú omi tí mo fi pa á." Ó tọ́ka sí ti umeboshi àti ti oníyọ̀ lásán, ó ní àwọn yìí ni kí ó rà. Ti ẹja ni ó wọ́n jù. Ìyá náà fi èrè rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọmọ wa kò tún ra oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ níbòmíràn mọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa ní ọjà Ọjà-Ọba, ní Gbági, ní Ìdúmọ̀tà, ẹ gbọ́. Ìyá yìí kò ka ìwé wa, kò sì gbọ́ wáàsí wa. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ àwọn oníṣòwò pé kí wọ́n má ṣe fi àbùkù ọjà pamọ́ fún ẹni tí ń rà á. Ìyá àgbà yẹn ṣe é. Àwa ńkọ́, tí a mọ̀ ọ́n?

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WÍ

Ní ti òfin, ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ẹni tí ó jẹ ohun èèwọ̀ láìmọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Kí ó dá a dúró nígbà tí ó bá mọ̀, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó ń sunkún yẹn kò dẹ́ṣẹ̀.

Èkejì, ìlànà Imáàmù Máálíkì, tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀ lé, la ọ̀nà gbòòrò sílẹ̀ fún wa nínú ohun tí ń gbé inú òkun. Ẹja, edé, alákàn àti ewé òkun, gbogbo wọn ni a lè jẹ. A kò nílò láti dú wọn. Ní ilẹ̀ tí òkun yí ká bí Jàpáànì, àánú ńlá ni èyí. Ohun tí ó kù láti ṣọ́ ni ohun tí wọ́n fi pa á.

Ẹ̀kẹta, lórí ọtí táṣẹ́rẹ́ tí ó wà nínú omi sóyà, ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ya èyí tí ó ti inú ẹ̀wà náà jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pọn ọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ènìyàn dìídì dà sí i. Àwa kò ní fi ìwé ìròyìn dá ẹjọ́ yìí. Kí oníkálukú béèrè lọ́wọ́ áfáà tí ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ìmọ̀ràn wa ni pé níbi tí èyí tí kò rúni lójú bá wà lórí pẹpẹ kan náà, kí ni a ń wá lọ sídìí èyí tí ó rúni lójú?

Ẹ̀kẹrin, kí ebi má pa ọmọ kú. Ọlọ́hun kò fẹ́ ìnira fún wa. Ẹni tí kò rí nǹkan mìíràn jẹ rárá, tí ẹ̀mí rẹ̀ sì wà nínú ewu, ẹ̀sìn ti ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìsọ̀ mẹ́ta wà ní iwájú ilé rẹ̀, kí ó má ṣe fi ọ̀lẹ pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ó wà nínú ewu.

MỌ́SÁLÁSÍ ÀTI ONIGIRI

Àwọn òbí kan rò pé ọmọ wọn yóò dá nìkan wà ní ilẹ̀ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́sálásí Kobe ti wà láti ọdún 1935. Bọ́ǹbù ogun ọdún 1945 wó ìlú lulẹ̀ yí i ká, ó dúró. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1995 mi Kobe jìgìjìgì, tí ènìyàn tí ó lé ní 6,000 sì kú, ó tún dúró. Ní Tokyo, àwọn Mùsùlùmí Tatar tí wọ́n sá kúrò ní Rọ́ṣíà ló dá mọ́sálásí tí a mọ̀ lónìí sí Tokyo Camii sílẹ̀ ní ọdún 1938. Èyí tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, ìsọ̀ oúnjẹ hàlálì sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà ìmìtìtì ilẹ̀ Kobe yẹn, onigiri ni ọ̀pọ̀ àwọn olùrànlọ́wọ́ fi ọwọ́ mọ fún àwọn tí ilé wó lé lórí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní di Ọjọ́ Omusubi. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìgbì òkun ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011 sì pa apá àríwá ìlà-oòrùn run, àwọn Mùsùlùmí mọ́sálásí Otsuka ní Tokyo, àdúgbò kan náà tí ilé oúnjẹ Bongo wà, pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, jọ dúró ti ìkòkò, wọ́n mọ onigiri, wọ́n sì fi ọkọ̀ kó o lọ fún àwọn tí kò nílé mọ́. Àwọn àjèjì tí ń béèrè pé "Kí ló wà nínú rẹ̀?" ni wọ́n di ẹni tí ń fi oúnjẹ ilẹ̀ náà bọ́ ọmọ onílẹ̀. Wáàsí wo ni ó ju èyí lọ?

NÍGBÀ TÍ ÌRẸSÌ WỌ́N

Kí a má tan yín, oúnjẹ yìí kò pọ́ọ́kú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nǹkan bí 2,000 yẹ́nì ni àpò ìrẹsì kílò 5. Nígbà tí ó fi di oṣù karùn-ún ọdún 2025, ó ti lé ní 4,200. Ìjọba ní láti ṣí àká ìrẹsì tí wọ́n tọ́jú de ọjọ́ ìṣòro. Nínú oṣù karùn-ún yẹn ni mínísítà ètò ọ̀gbìn, Taku Eto, sọ níta gbangba pé òun kò ra ìrẹsì rí, nítorí pé àwọn alátìlẹ́yìn òun ń fún òun lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn obìnrin tí ń tò fún ìrẹsì gbọ́ ọ, wọ́n bínú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ̀yin aṣáájú, ẹ kíyè sí ẹnu yín nígbà tí ebi bá ń pa ará ìlú.

Oúnjẹ tí ó wọ́n kò yẹ kí a dànù, ṣùgbọ́n àwọn ìsọ̀ náà ti da púpọ̀ nù rí, nítorí pé bí wákàtí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bá ti pé, wọn kì í tà á mọ́. Ní ọdún 2009, àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ ìṣòwò pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ 7-Eleven ti Jàpáànì pé kí ó má ṣe dí àwọn onísọ̀ tí ń lo orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́ láti dín owó oúnjẹ tí àkókò rẹ̀ ti ń tán. Ní ọdún 2019, wọ́n ṣe òfin láti dín ìfiṣòfò oúnjẹ kù. Àmì kan sì wà lórí pẹpẹ tí ń bẹ oníbàárà pé kí ó mú èyí tí ó wà níwájú, tí àkókò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, bí ó bá jẹ́ pé ojú ẹsẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Kí ó má ṣe na ọwọ́ sí ẹ̀yìn láti mú tuntun. Àwa náà mọ̀ pé Ọlọ́hun kò fẹ́ràn àwọn onínàá-àpà.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ẹ̀yin òbí, kí ọmọ yín tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ rí i pé ó mọ àmì tí wọ́n fi ń kọ ẹlẹ́dẹ̀, ọtí àti gẹ́látìnì ní èdè Jàpáànì. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "Èmi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, èmi kì í sì í fẹnu kan ọtí." Ẹ jẹ́ kí ó wá mọ́sálásí kí ó tó wá ilé oúnjẹ, nítorí ẹni tí ó bá rí jámọ́ọ̀ yóò rí ẹni tí yóò fi ọjà hàn án. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí onigiri oníyọ̀ àti ti umeboshi, kí ó ka àmì rẹ̀, kí ó tó máa gbòòrò. Bí ó bá sì lè se ìrẹsì nínú yàrá rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ onigiri rẹ̀ ní òwúrọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ilẹ̀ náà ti ń ṣe fún ọmọ wọn. Ẹja inú agolo àti iyọ̀ ti tó o. Ọkàn á balẹ̀, owó á sì ṣẹ́kù.

Ohun kan tí yóò bá ilé mu fún un ni pé kí àwọn ará Jàpáànì tó jẹun, wọ́n á pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n á ní "Itadakimasu," èyíinì ni pé, mo gbà á pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ tán, wọ́n á tún dúpẹ́ pé "Gochisosama." Kí ọmọ wa má ṣe tijú láàárín wọn láti fi Bísímílà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kí ó sì fi Àlùhámúdù Lílàhì parí rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò fi í ṣẹ̀sín níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń dúpẹ́.

Kí Ọlọ́hun fi hàlálì tí ó pọ̀ rọ́ haramu sẹ́yìn fún àwa àti àwọn ọmọ wa, nílé àti lẹ́yìn odi. Kí Ó jẹ́ kí wọ́n lọ ire, kí wọ́n bọ̀ ire. Àmín.